Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ ṣe MRI ọkàn (fọ́tò ọkàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì ńlá yà) torí àyà tó ń dùn yín? Ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe yìí

Èyí tó burú jù ni kí àyà máa dun èèyàn lọ́wọ́lọ́wọ́, kó máa làágùn, kí ìrora yẹn máa ta dé apá, kó wá jókòó sílé pé òun ń dúró de ọjọ́ MRI. Ẹ jọ̀ọ́, emájẹ́ńsì nìyẹn! ECG, ìyẹn àyẹ̀wò iná mànàmáná inú ọkàn, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, láàárín ìṣẹ́jú 10 tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ láti wo troponin, nǹkan tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹran ọkàn bá fara pa.

MRI wúlò gan-an tí troponin bá ga àmọ́ tí wọ́n wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tí wọn ò rí ibi tó dí. Ó máa ń dùn mí tẹ́nì kan bá ní "ṣebí wọ́n ní kò dí" tó wá lọ sílé. Tí wọ́n bá ń ṣe MRI náà, wọ́n á fa gadolinium, oògùn tó ń jẹ́ kí fọ́tò hàn dáadáa, sí yín lára, wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, ibi tó bà jẹ́ á wá funfun nínú fọ́tò. Tí funfun yẹn bá bẹ̀rẹ̀ láti apá inú ẹran ọkàn lọ́hùn-ún, heart attack ló sábà máa ń jẹ́, tó bá jẹ́ apá ìta, ó lè jẹ́ pé ẹran ọkàn ló wú (myocarditis), ìtọ́jú méjèèjì ò sì jọra rárá.

Tó bá jẹ́ MRI tí wọ́n á ti fún yín ní oògùn bí adenosine, tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn fẹ̀ kí wọ́n lè wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ, ẹ má mu kọfí, tíì tàbí kóòkì fún ó kéré tán wákàtí 12, àwọn ibòmíì ní 24. Ẹ wo páálí oògùn ẹ̀fọ́rí náà, kaféènì wà nínú òmíì. Kaféènì ò ní jẹ́ kí adenosine ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ á wá fi hàn bíi pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ kò lọ.

Ẹ má fi pacemaker (ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ọkàn máa lù déédéé), irin ara tàbí àìsàn kíndìnrín pa mọ́ o, mágínẹ́ẹ̀tì yẹn kì í kú. Pacemaker míì lè wọlé, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sẹ́ẹ̀tì ẹ̀.

Tí wọ́n bá sì ní "ẹ mí síta, ẹ dá èémí dúró", tí ò bá ṣeé ṣe fún yín, ẹ má díbọ́n, fọ́tò á kàn rí wúruwùru ni. Ẹ tẹ bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́, wọ́n á dá yín lóhùn.