Bí A Ṣe Ń Fi Etí Dán Orúkọ Ọjà Wò

Ẹ pe rìbìtì, kí ẹ tún pe ríbítí. Roboto ni nǹkan méjèèjì, àmọ́ etí ti mọ èyí tó tóbi kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé. Ohùn ló ṣe é. Fáwẹ́lì inú orúkọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1929, Edward Sapir, onímọ̀ èdè, sọ fáwọn èèyàn pé "mal" àti "mil" jẹ́ orúkọ tábìlì, ó ní kí wọ́n mú èyí tó tóbi. "Mal" ni ọ̀pọ̀ mú. Ní 2004, àwọn olùṣèwádìí nípa ọjà títà, Eric Yorkston àti Geeta Menon, fi "Frosh" àti "Frish" pe áísìkíríìmù. Lójú àwọn tó gbọ́ "Frosh", tiwọn ló ki, tó sì kúnná jù.

Ànímọ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ lẹ fẹ́ tà, ẹ mú mímú. Bó bá jẹ́ ìpara, ẹ mú kíkúnná. Ẹ wá ṣe orúkọ méjì tó jẹ́ pé ìró kan péré ló yà wọ́n, bíi Soluma àti Siluma. Bẹ́ ẹ bá gbé Soluma kojú Kitek, tí Soluma sì borí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá fáwẹ́lì ló ṣe é, tàbí kọ́ńsónáǹtì, tàbí gígùn orúkọ.

Ẹ wá èèyàn 20 tí kò tíì gbọ́ nípa ọjà náà, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba orúkọ méjèèjì sórí fóònù, ohùn ẹnì kan náà, kó má pariwo lórí ọ̀kan ju èkejì lọ. Kí èèyàn 10 kọ́kọ́ gbọ́ Soluma, kí 10 yòókù kọ́kọ́ gbọ́ Siluma. Ẹ má kọ ọ́ sí ìwé hàn wọ́n o: lẹ́tà "o" fúnra rẹ̀ rí roboto, ojú á wá dá ẹjọ́ tó yẹ kí etí dá.

Ìbéèrè gan-an ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. "Èwo lẹ fẹ́ràn?" kò wúlò, torí èèyàn lè fẹ́ràn orúkọ tí kò bá ọjà mu rárá. Ẹ bi wọ́n pé: "Ìpara méjì nìyí. Èwo ló máa kúnná jù?" Ẹ dákẹ́ síbẹ̀.

Bí 13 nínú 20 bá mú Soluma, ẹ má tíì yọ̀. Bí orúkọ méjèèjì bá dọ́gba, oríire lásán lè mú 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ wá ní nǹkan bí ìgbà 13 nínú 100. Ti 15 sókè kò ju nǹkan bí ìgbà 2 lọ. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ààlà sí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n rántí sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní oríṣi mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà làwọn oníbàárà á ṣe máa wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò ní rí i. Ẹ tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe kẹ́ ẹ tó tẹ páálí kankan.