Bí Mo Ṣe Kó Ìtàn Ibùdókọ̀ Ojú Irin Òṣogbo Jọ

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ló ní kí n kọ ìtàn ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìwòyí.

Ọdún tí rélùwéè dé Òṣogbo ni mo kọ́kọ́ lé, torí ẹnu ò kò lórí rẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní bàbá àgbà òun wọ ọkọ̀ ní Òṣogbo kí 1900 tó pé. Kò lè rí bẹ́ẹ̀: 1901 ni wọ́n ṣí ti Èkó sí Ìbàdàn, 1909 ni irin dé Jẹ́bà, Òṣogbo sì wà láàrin méjèèjì. N ò bá bàbá jiyàn. Ìbéèrè ni mo yí padà.

“Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ wọṣẹ́, ṣé ṣílè ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì àbí náírà?”

“Ṣílè ni o! Ọdún tí náírà dé ni wọ́n gbé mi lọ sí Ọ̀fà.”

1973 nìyẹn. Ibẹ̀ la ti ń ṣírò padà sẹ́yìn. Àgbà lè gbàgbé ọdún, kò jẹ́ gbàgbé owó.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha ibi tó ti dógùn-ún. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ yọ, àti ọdún. Ẹ má fìyẹn ka ọdún tí ọkọ̀ dé o. Irin a máa jẹ, wọn a sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ní Yunifásítì Ìbàdàn, “Oshogbo” bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́ ni kí ẹ wá, kí fáìlì tó yọjú.

Ẹrù gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Rélùwéè ò kan Iléṣà, kò kan Èkìtì. Kí mọ́tò tó pọ̀, orí ni wọ́n fi ń ru ẹkùrọ́ àti kòkó wá sí Òṣogbo kó lè bọ́ sí Èkó. Lẹ́yìn tí wọ́n pa rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ ti Baro sí Kánò ní 1912, obì náà ń gba ibẹ̀ lọ sókè Ọya. Àwọn òṣómàálò Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ ní Òṣogbo, wọ́n ń tà á láwìn kiri abúlé.

Ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ọ̀ṣun fi ń kó èèyàn wálé láti Èkó nígbà Iléyá àti Kérésìmesì, ṣókí ni mo kọ ọ́. Gbogbo wa la ṣì rántí.

Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ bi mí pé kí ni Ìjẹ̀ṣà ń wá nínú ìtàn Òṣogbo. Mo ní, “Ẹ má bínú, bàbá, ẹrù wọn ń bẹ nínú ọkọ̀.” Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.