Bí A Ṣe Lè Fi Agbábọ́ọ̀lù Àtijọ́ Wé Ti Òde Òní

Nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀, àríyànjiyàn lórí bọ́ọ̀lù kì í tán nílẹ̀. Àwọn àgbà a ní irú Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, agbábọ́ọ̀lù iwájú Nàìjíríà àtijọ́, kò lè wáyé mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ a sì fèsì pé Victor Osimhen, atamátàsé Nàìjíríà òde òní, yára jù ú lọ, ó lágbára jù ú lọ, àti pé àwọn ògbólógbòó àgbáyé ló ń bá figa gbága. Tọ̀túntòsì ló ní ohun tí wọ́n rí. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa yí lójú kan ni pé ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dì mọ́ ara wọn: ta ló lágbára jù, ta ló mọ bọ́ọ̀lù í gbá jù, àti ta ló ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ jù ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó dá sí i.

Lórí ti àkọ́kọ́, ẹ má ṣe fi àkókò ṣòfò, nítorí àwọn ti òde òní ló ni ín. Wọ́n ní dókítà, wọ́n ní onímọ̀ nípa oúnjẹ, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ka bí wọ́n ṣe ń sáré tó, púpọ̀ nínú wọn sì ń rin ìrìn tó ju kìlómítà 10 lọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ìbéèrè kejì ló gba sùúrù. Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ wádìí òfin tó wà lórí pápá ní ọdún tí ó gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fo ibí yìí, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun gan-an ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ṣáájú 1970, kò sí káàdì òfeefèé tàbí pupa ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ààyè láti fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó bá farapa. Ní 1966, nígbà tí Brazil pàdé Portugal ní Goodison Park, ní ìlú Liverpool, João Morais ti Portugal gbá Pelé ti Brazil lẹ́sẹ̀, kí Pelé sì tó lè dúró dáadáa, ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Rẹfirí kò lé e kúrò lórí pápá. Pelé ń tiro kiri títí eré fi parí, nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀, Brazil sì fìdí rẹmi pẹ̀lú góòlù 3 sí 1. Ẹni tó bá ń ka iye góòlù tí àwọn atamátàsé ìgbà yẹn gbá wọlé gbọ́dọ̀ rántí irú ìyà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí yóò gba káàdì pupa lójú ẹsẹ̀.

Òfin àtijọ́ mìíràn sì wà tó gbe àwọn golí. Títí di 1992, bí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn bá fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù padà fún golí rẹ̀, golí lè fi ọwọ́ gbé e, kí ó sinmi, kí ó sì tún un gbá jáde bó ṣe wù ú. Golí òde òní kò ní àǹfààní yẹn. Ó gbọ́dọ̀ mọ bọ́ọ̀lù í fi ẹsẹ̀ gbá nígbà tí atamátàsé bá ń sáré bọ̀ wá bá a. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi golí 1980 wé ti òní lórí bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ fi wọ́n wé lórí bí wọ́n ṣe ń mú un.

Ẹ tún wo bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá a. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1986 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo bọ́ọ̀lù tí kò ní awọ nínú rárá; ṣáájú ìgbà náà, bọ́ọ̀lù aláwọ a máa fa omi, a sì máa wúwo bí òjò bá rọ̀. Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù rí lórí pápá ilé-ìwé ní Ilé-Ifẹ̀ lẹ́yìn òjò oṣù kẹfà mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, púpọ̀ nínú wọn ni kò wọ bàtà. Teslim Balógun wà lára wọn, nígbà tó sì di 1956, Queens Park Rangers, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní London, gbà á sínú ẹgbẹ́ wọn.

Ní ti iye góòlù, ẹ pín in sí iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Pelé gbá góòlù 77 wọlé fún Brazil nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 92. Cristiano Ronaldo ti ju ti Pelé lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Portugal ju ìgbà 200 lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí èyí mú yín gbè sẹ́yìn àwọn àgbà. Just Fontaine gbá góòlù 13 wọlé fún ilẹ̀ Faransé ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1958, ṣùgbọ́n góòlù 126 ló wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 35 ní ọdún náà, nígbà tó jẹ́ pé ní 2022, 172 péré ló wọlé nínú 64. Góòlù rọrùn láti rí nígbà náà ju ìsinsìnyí lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àtijọ́ kan, kí ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé fídíò kéékèèké tí wọ́n ti ṣà jọ ń fi àṣìṣe pa mọ́. Àṣekágbá 1970 láàárín Brazil àti Ítálì dára fún èyí. Ẹ dúró de góòlù kẹrin: bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ Pelé níwájú ilé àwọn ará Ítálì, ó dúró, kò yára, ó rọra tì í sí apá ọ̀tún láìtilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, Carlos Alberto sì sáré dé, ó gbá a wọlé. Ohun méjì ni ibẹ̀ fi hàn. Ọgbọ́n Pelé kò ní ẹlẹ́gbẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn alátakò fún un ní ààyè tí Kylian Mbappé, atamátàsé ilẹ̀ Faransé, kì í sábà rí lónìí, nítorí pé ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni yóò ti rọ́ lù ú. Èyí ló mú kí n gbà pé agbábọ́ọ̀lù tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lónìí dára ju irú rẹ̀ ìgbà àtijọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè téńté ńkọ́? Ibí ni ìbéèrè kẹta ti wúlò. Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ti Ìbàdàn, tó gba Ife Àwọn Tó Gba Ife ní Áfíríkà (African Cup Winners' Cup) ní 1976; ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà 1980 ní Èkó, òun ló gbá méjì wọlé nínú góòlù mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria, Muda Lawal sì gbá ìkẹta. Osimhen gbá góòlù 26 wọlé nínú líìgì Ítálì ní sáà 2022 sí 2023, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Napoli, gba líìgì náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1990, wọ́n sì fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 2023. Àwọn méjèèjì ta ẹgbẹ́ wọn yọ. Iṣẹ́ Osimhen le jù, nítorí àwọn tó ń ṣọ́ ọ le jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún Ọdẹ́gbàmí ní oúnjẹ, bàtà, dókítà àti pápá tí Osimhen ní, n kò rí ìdí kankan tí kò fi ní wọ ikọ̀ Nàìjíríà òní.