Bí Mo Ṣe Ka Igi Ìdáná Mọ́ Agbára Tí Nàìjíríà Ń Lò

Èédú Enugu ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àtẹ tí mo ń kọ nípa agbára tí Nàìjíríà ń lò, nítorí pé láti ọdún 1915 ni wọ́n ti ń wà á, òun ni ọkọ̀ ojú irin sì ń jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ̀rọ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì tó gbapò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ epo rọ̀bì tí wọ́n rí ní Oloibiri ní ọdún 1956, omi Kainji tó ń fún wa ní iná láti ọdún 1968, àti gáàsì tí wọ́n ń sun láti fi pèsè iná ní ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin láti ọdún 1985.

Òṣùwọ̀n wọn kò dọ́gba: tọ́ọ̀nù ni ti èédú, àgbá ni ti epo, kílówáàtì-wákàtí ni ti iná. Mo sọ gbogbo wọn di megajoule, òṣùwọ̀n agbára kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣe àṣìṣe. Mo ka gáàsì tí Egbin sun, mo tún ka iná tó ti ara gáàsì náà jáde, ohun kan ṣoṣo wá di méjì. Mo yọ iná náà kúrò, mo fi ti omi nìkan sílẹ̀.

Nígbà tí mo parí, epo àti gáàsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àtẹ. Ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí pé mo mọ irú ilé tí mo ti dàgbà. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń yan gààrí ní Ìsẹ́yìn.

“Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wọn igi tí ẹ fẹ́ fi dáná lónìí.”

“Wọ̀n ọ́n, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má tú u ká, òjò ń bọ̀.”

Kílò 11 ni ìdì náà. Bí kílò igi gbígbẹ kan bá ní nǹkan bíi megajoule 15, ìdì kan yẹn ju kílówáàtì-wákàtí 45 lọ, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Ó dùn mí gan-an pé làálàá irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ kò hàn nínú ohun tí a fi ń ṣètò ìlú.

Mo wá lo iye igi àti èédú igi tí IEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, fojú bù láti ọdún 1971, mo sì ṣọ́ra kí n má baà ka èédú igi pẹ̀lú igi tí wọ́n sun di èédú náà. Igi nìkan gbà ju ìlàjì àtẹ lọ.