Bí mo ṣe da àwọn obìnrin tó ń pèéṣẹ́ kọ sórí bàbà

Ẹ gbọ́, mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni o. Wọ́n ní kí kálukú wa ní kíláàsì mú àwòrán àtijọ́ kan kó dà á kọ sórí páànù bàbà, èmi wá lọ mú Les Glaneuses ti Jean-François Millet, ará Faransé, èyí tó fi abẹ́rẹ́ àti ásíìdì ṣe ní nǹkan bí 1855, kó tó wá fi ọ̀dà kun irú ẹ̀ ní 1857. Obìnrin mẹ́ta ló ń pèéṣẹ́ lóko olóko. Ẹni tó bá ti ka ìwé Rúùtù á ti mọ̀ ọ́n, olóko ti kórè tán, àwọn tí ò ní wá ń ṣa ṣírí ọkà tó já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin Faransé gbà wọ́n láyè, àmọ́ tí oòrùn bá ti wọ̀, ó parí nìyẹn.

Mo fi ẹfun àti fínígà fọ bàbà náà dáadáa, torí tí epo ọwọ́ bá wà lára ẹ̀ ìda ò ní lẹ̀ mọ́ ọn, mo wá gbé e sórí iná, mo fi ìda dúdú pa á lára, ó tutù, ó kan abẹ́rẹ́. Kì í ṣe bàbà lèèyàn ń gbẹ́ o, ìda lásán lò ń họ, ásíìdì ló máa jẹ ibi tó bá ṣí sílẹ̀.

Ẹ̀yìn àwọn obìnrin yẹn ló gbà mí lákòókò jù. Méjì tẹ̀ ba pátápátá, ẹ̀kẹta fẹ́ nàró àmọ́ kò tíì nà tán, ojú wọn ò tiẹ̀ hàn dáadáa. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí mo ti ń tẹ̀ lórí tábìlì, ìbàdí tèmi náà ti ń ké.

Ó ku omi ásíìdì. Mo rì í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 6, mo yọ ọ́, mo fi fáníìṣì bo òkìtì ọkà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kí ásíìdì má bàa jẹ ẹ́ mọ́, mo dá a padà. Àwọn obìnrin yẹn wà nínú omi títí ó fi pé ìṣẹ́jú 35! Àṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, ọrọ̀ oko fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, àwọn tálákà ni ásíìdì jẹ wọnú. Abájọ tí èyí tó fi ọ̀dà kùn ò fi dùn mọ́ àwọn olówó Páríìsì nínú, ìjà 1848, tí àwọn ará ìlú fi lé ọba Faransé kúrò lórí oyè, ò tíì kúrò lọ́kàn wọn.

Mo fi kẹrosíìnì nu ìda kúrò, mo fi íńkì kùn ún, mo fi gọ́ọ̀sì nù ún títí apá fi ń ro mí, mo tẹ́ bébà tútù lé e, ó gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá. Bí mo ṣe ṣí i, orúkọ mi tí mo kọ sísàlẹ̀ ti dojú kọ ẹ̀yìn. Mo gbàgbé pé gbogbo ẹ̀ ló máa ń yí padà! Inú mi ṣì dùn ṣá, mo yà á ní fótò ránṣẹ́ sí màmá mi lórí WhatsApp.

Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀: "Ó dáa o, ọmọ mi. Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣa oúnjẹ?"