Ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú káàdì méjì àti inverter kan

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń gbá géèmù àti àwọn tó ń gé fídíò, níbí ní Ìkẹjà. Ó di ọdún kẹjọ báyìí, káàdì àwòrán tókùnbọ̀, èyí tó ń ya géèmù sójú mọ́nítọ̀, ni mo sì fi ń gbá géèmù tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó tó bá wọlé, ilé ló ń lọ.

Ní oṣù Kejìlá 2024, káàdì olówó ńlá méjì bọ́ sí mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kan náà. Alhaji, oníbàárà mi àtijọ́, gbé Radeon RX 7900 XTX ti ilé iṣẹ́ AMD wá, wọ́n ní kí n bá àwọn tò ó sínú kọ̀ǹpútà tuntun, bẹ́ẹ̀ ẹrù tó kù kò tíì dé. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi tó ń gbé ní Manchester dé fún Kérésìmesì, GeForce RTX 4080 Super ti ilé iṣẹ́ Nvidia wà nínú báàgì tó fà lọ́wọ́. Ó fi aṣọ òtútù mẹ́ta dì í bí ẹni pọn ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń pariwo káàdì gidi tipẹ́," ó ní. "Ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Tó bá wù yín, ẹ rà á lọ́wọ́ mi. Tí kò bá wù yín, mò ń gbé e padà nìyẹn."

Mo pe Alhaji, mo bẹ̀ wọ́n kí n lo tiwọn náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Lò ó. Ṣùgbọ́n tó bá jó, o ti rà á nìyẹn."

Lórí ìwé, ìbejì ni wọ́n. 999 dọ́là ni AMD dá lé 7900 XTX nígbà tó jáde ní oṣù Kejìlá 2022. 999 dọ́là náà ni Nvidia dá lé 4080 Super ní oṣù Kìíní 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé 4080 àkọ́kọ́ jáde ní 1,199 dọ́là tí àwọn ènìyàn sì figbe ta. Iye ti Amẹ́ríkà nìyẹn o, láìka owó orí mọ́ ọn. Àbúrò mi san 959 pọ́n-ùn, VAT wà nínú rẹ̀. Tí a bá sọ ọ́ di náírà nígbà yẹn, ó ń lọ sí mílíọ̀nù méjì. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Inú wọn ni wọ́n ti yàtọ̀. 24GB ni mẹ́mọ́rì ti AMD, 16GB ni ti Nvidia. 355 wáàtì ni wọ́n kọ sí ara AMD pé ó ń jẹ, 320 ni ti Nvidia. Mo ka wáàtì yẹn, mo fò ó kọjá. 24GB ni ojú mi wà lára. Ta ni kì í fẹ́ kí ohun tóun rà pọ̀?

Iná ni mo kọ́kọ́ fún wọn. Káàdì Alhaji kò dà mí láàmú: wáyà ẹlẹ́nu mẹ́jọ méjì, irú èyí tó wà lára gbogbo PSU, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, tí mo ní ní ṣọ́ọ̀bù. Ti Nvidia ni mo rọra ṣe. Ẹnu rẹ̀ kéré, ihò mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, wáyà kan tó wà nínú páálí rẹ̀ ló sì ń so ẹlẹ́nu mẹ́jọ mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan. Irú ẹnu yìí ló yọ́ lára RTX 4090, káàdì Nvidia mìíràn, ti àwọn ènìyàn kan ní 2022, Nvidia sì sọ nígbà náà pé àwọn tí kò tì í wọlé tán ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Mo tì í títí mo fi gbọ́ "kẹ́". Mo tún tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, mo wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóyá àlàfo kankan kù, bíi dókítà eyín. Kò sí.

Kọ̀ǹpútà kan náà ni mo fi dán méjèèjì wò: Ryzen 7 7800X3D ni ọpọlọ rẹ̀, mẹ́mọ́rì 32GB, PSU 850 wáàtì. Mọ́nítọ̀ mi jẹ́ 1440p, fún 4K, tí àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ, mo gbé tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wá, ìyàwó mi sì ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Géèmù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta, ibì kan náà nínú eré. Mi ò wo iye férémù, ìyẹn àwòrán tí káàdì ń yà, ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìkan. Mo wo èyí tó burú jù nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni eré ti máa ń ta kọ́sọ́ bí ọ̀kadà tí epo ń tán nínú rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ṣe ọ̀lẹ. Mo yọ AMD, mo ki Nvidia bọ̀ ọ́, mi ò pa dírẹ́fà àtijọ́, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì, rẹ́. Géèmù ń kú lójú mi títí ọ̀sán fi pọ́n, mo sì ti ń dá káàdì lẹ́bi kí n tó rántí ẹ̀ṣẹ̀ ara mi. Láti ìgbà náà, ètò kan tó ń jẹ́ DDU ni mo fi ń fọ dírẹ́fà kúrò pátápátá kí n tó pààrọ̀ káàdì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó má fo ibẹ̀.

Èsì géèmù lásán kò gùn. Nínú Call of Duty, AMD ló ṣíwájú, kò sì ṣe é jiyàn. Nínú Red Dead Redemption 2 lórí 4K àti Forza Horizon 5, ìyàtọ̀ kéré débi pé mo tún wọn ṣe, mo rò pé mo ṣìṣe ni. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní kó jókòó síwájú Red Dead kó sọ èyí tó wà nínú rẹ̀. Ó gun ẹṣin lọ gun ẹṣin bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. "Ọ̀gá, Nvidia ni. Ẹ ò rí bó ṣe ń dán?" Káàdì Alhaji ló wà níbẹ̀.

Ìgbà tí mo tan path tracing nínú Cyberpunk 2077 ni wọ́n yà síra wọn. Ohun tí path tracing ń ṣe ni pé káàdì á máa ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta láti ara ògiri sí ara omi, láti ara omi sí ojú ènìyàn, dípò kó kàn ya á bí ayàwòrán. Iṣẹ́ ńlá ni. Ní 1440p, láìfi ohunkóhun ràn wọ́n lọ́wọ́, AMD kò tó ogún férémù, Nvidia kọjá ọgbọ̀n. Mo wá tan DLSS, tí káàdì á ya àwòrán kékeré tí yóò sì fẹ̀ ẹ́, Nvidia fi di ohun tó ṣe é gbá. AMD ní FSR tirẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, wáyà iná àti irun orí máa ń gbọ̀n lójú mi tí mo bá tan án. Ní ti frame generation, tó ń fi àwòrán tí géèmù kò yà há àárín méjì tó yà, mi ò kà á mọ́ èsì. Nọ́ńbà á gòkè lóòótọ́, ọwọ́ ẹni kò ní bá a gòkè.

Mélòó nínú àwọn oníbàárà mi ló ń gbá Cyberpunk? Bọ́ọ̀lù EA àti Call of Duty ni tiwọn. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí ni, AMD ni ǹ bá rà: mẹ́mọ́rì pọ̀, eré dọ́gba.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, iná lọ.

Inverter 1.5kVA ló wà nílé mi, bátìrì 220Ah méjì ló ń gbé e, fáànù, gílóòbù àti fíríìjì sì wà lórí rẹ̀. Káàdì Alhaji ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo ṣí géèmù kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi dé ojú ìwé àkọ́kọ́ tí ènìyàn ti ń yan ohun tó fẹ́ ṣe. Nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n torí pé mi ò fi ìwọ̀n sí férémù, káàdì ń ya ojú ìwé òfìfo yẹn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké tíín bí ẹ̀fọn tó wà létí ẹni. Fíríìjì náà yan àsìkò yẹn láti ta. Inverter ké lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ilé ṣókùnkùn.

Ohùn ìyàwó mi ti inú kíṣìnnì wá. "Bàbá Tóbi, ṣé iná ti lọ ni?"

"Ó ti lọ tipẹ́. Èmi ni mo wá pa èyí tó kù."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi mítà kékeré sáàárín kọ̀ǹpútà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì padà sídìí wáàtì tí mo fò kọjá. Nígbà tí mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n sáré bó ṣe wù wọ́n, odindi kọ̀ǹpútà ń jẹ bíi 500 wáàtì pẹ̀lú AMD, bíi 430 pẹ̀lú Nvidia. Mo wá so férémù mọ́ 60, bí mo ṣe sábà máa ń gbá Red Dead. AMD sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 310. Nvidia sọ̀ dé 220.

Bátìrì méjì tí a so pọ̀ di 24V, ní 220Ah, jẹ́ 5,280 wáàtì-wákàtí. Ìdajì ni mo ń lò kí wọ́n lè pẹ́, inverter fúnra rẹ̀ sì ń jẹ tirẹ̀ níbẹ̀. Tí mo bá yọ fíríìjì, tí mo fi mọ́nítọ̀ àti fáànù kún un, AMD á gbé mi fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ó lé díẹ̀, Nvidia á sún mọ́ méje. Ooru náà ń bẹ níbẹ̀: gbogbo wáàtì tí káàdì bá jẹ, inú yàrá ló ń pọ̀ ọ́ sí, inverter mi kò sì lè gbé AC.

Mo tún fi owó ṣírò rẹ̀ nítorí Alhaji. Orí Band A ni àdúgbò wọn wà, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí ogún lójúmọ́, tí NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iná, sì gbé owó wọn dé 225 náírà ní kilowáàtì-wákàtí kan ní oṣù Kẹrin 2024. Ká fi 225 yẹn náà ṣe é. Wáàtì 90, wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ó lé díẹ̀ lóṣù. Ẹni tó ra káàdì mílíọ̀nù kò ní torí ìyẹn sunkún.

Nígbà tí Alhaji wá gbé ẹrù wọn, wọ́n bi mí pé èwo ló dára jù.

"Tiyín ni, Alhaji. Ọmọ yín tó ń gé fídíò á rí 24GB yẹn lò dáadáa."

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìkejì lo fẹ́ rà?"

"Iná yín kì í lọ, Alhaji."

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n dúró, pé tuntun ń bọ̀. Ó dé lóòótọ́ ní òpin oṣù Kìíní 2025: RTX 5080, 999 dọ́là, 16GB náà, 360 wáàtì. Mo wo 360 yẹn, mo wo bátìrì mi.

Àbúrò mi kò gba náírà. Pọ́n-ùn lòun fi rà á, pọ́n-ùn lòun máa gbà, ṣùgbọ́n ó gbà kí n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Mo ti san méjì. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti ń fi àwòrán aago ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.