Irun Ẹ̀bátí Mi Ń Já, Kí Ni Kí N Ṣe?

Ọdún 14 rèé tí mo ti ń dirun fún àwọn obìnrin l'Ékòó. Nínú gbogbo ohun tí àwọn àbúrò mi ń bi mí bí wọ́n bá ti jókòó síwájú mi, ọ̀rọ̀ irun ẹ̀bátí ló pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú wọn ń jí ní agogo mẹ́rin àbọ̀ kí wọ́n tó rí mọ́tò, alẹ́ ti lẹ́ kí wọ́n tó wọlé, owó oṣù kì í sì í dé ìparí oṣù. Bí wọ́n ṣe ń béèrè àti bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn ni mo kọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Ìkòròdú ni mò ń gbé, Victoria Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí n má baà máa yarun láràárọ̀, bíréèdì ni mo máa ń ṣe. Bí mo bá tú u lónìí, ọ̀la ni mo ń ṣe òmíràn. Láti bí ọdún kan ni irun ẹ̀bátí mi ti ń já, iwájú orí mi sì ń gbòòrò sí i. Mo ti ra òróró amúrun-hù oríṣi mẹ́ta, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Èwo ni kí n rà báyìí?

Ìdáhùn: Má ra ìkankan mọ́, àbúrò mi. Kì í ṣe òróró ni irun rẹ ń wá, wọ́n ń fà á tu ni.

Irun ẹ̀bátí fẹ́lẹ́ ju irun àárín orí lọ. Bí a bá so àtáṣímẹ́ǹtì tó gùn dé ìdí mọ́ ọn, tí a tún fà á le, tọ̀sán tòru ni ẹrù yẹn ń fa gbòǹgbò rẹ̀. Awọ orí á kọ́kọ́ máa dùn ọ́, kókó kéékèèké bí ìrorẹ́ á yọ sí ìdí irun, lẹ́yìn náà ni irun á bẹ̀rẹ̀ sí í já, èyí tó ń hù padà á sì máa tín-ín-rín sí i. Àwọn dókítà awọ ara ń pè é ní traction alopecia, orí pípá tí fífà ń fà. Bí a bá tètè dáwọ́ fífà dúró, irun sábà máa ń hù padà. Bí a bá jẹ́ kó di ọ̀pọ̀ ọdún, ihò irun á di àpá, kò sì sí òróró tó ń mú irun hù lójú àpá.

Oníbàárà mi kan ṣí fìlà níwájú mi láìpẹ́ yìí. Lókè etí òsì rẹ̀, irun ti sún sẹ́yìn tó ìbú ìka méjì, awọ ibẹ̀ ń dán. Irun wẹ́wẹ́ mélòó kan ló kù ní ìlà iwájú, bí òwú etí aṣọ tó ti gbó. Bí o bá rí irú irun wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ níwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá ṣófo, fífà ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Ohun tí mo sọ fún un ni mò ń sọ fún ọ: oṣù mẹ́ta gbáko, kí àtáṣímẹ́ǹtì má kan ẹ̀bátí rẹ. Mi ò ní kí o má dirun o. Dì kòlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú irun orí rẹ nìkan, kí wọ́n rọra dì í. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó má bàjẹ́, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì ní gba ju wákàtí kan lọ. Sá fún ṣùkú ní báyìí ná, nítorí òkè ni ó ń wọ́ gbogbo irun etí àti ti ìpàkọ́ lọ. Irun ń hù tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí kó lé díẹ̀ lóṣù, nítorí náà má wo dígí ní ọ̀sẹ̀ kejì kí o sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Bí mo bá ní kí onídìrí má fà á le, á ní kò ní pẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá dirun, mi ò kì í lè fi orí lélẹ̀, Paracetamol ni mo fi ń sùn.

Ìdáhùn: Irun tí èèyàn ń torí ẹ̀ lo oògùn, ó ti le jù. Èmi náà ti sọ gbólóhùn yẹn fún oníbàárà rí, ó sì ń dùn mí títí dòní, nítorí mo mọ orí tí ọwọ́ mi bà jẹ́. Kì í ṣe líle ló ń mú irun pẹ́. Orí tí wọ́n là dọ́gba àti ọwọ́ tó ń lọ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló ń mú un pẹ́.

Kó tó mú òòyà, sọ fún un pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irun iwájú yìí sílẹ̀ tó ìbú ìka kan, ibi tó ti ki ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀." Bó bá ti dì ìkíní tán, gbé iwájú orí rẹ sókè bí ẹni tí ẹnu yà, kí o tún di ojú rẹ pinpin. Bí awọ bá ń fà ọ́, ní kó tú u lójú ẹsẹ̀, kó má tíì dé ìkejì. Mo mọ̀ pé bó bá ti dì í tán, ojú á tì ọ́ láti ní kó tú u.

Bó bá jẹ́ bíréèdì lo fẹ́ ṣe lẹ́yìn tí irun rẹ bá ti padà, má jẹ́ kí wọ́n là á kéré bí orí ìṣáná. Bó bá tóbi tó èékánná àtàǹpàkò, irun tó ń gbé ẹrù náà á pọ̀. Bó bá jẹ́ ìdì mẹ́fà ni o máa ń rà, ra mẹ́rin, kó mọ ní èjìká. Ìyẹn náà dín owó kù. Kó má kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí, kí orí sì sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó ṣe òmíràn.

Bó bá sì ti le, tó ti ń dùn ọ́ lálẹ́, tú ìlà iwájú. Owó ti lọ, irun ni kí o gbà là.

Ìbéèrè: Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń fi rílásà sírun, mo máa ń dì í ní Sátidé. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Ó burú. Ohun tó so irun pọ̀ nínú ara rẹ̀ ni rílásà ń já kí irun tó nà, nítorí náà agbára rẹ̀ ti dín kù kí onídìrí tó fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Irun tuntun tó hù nídìí nìkan ni kí rílásà máa kàn, kó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí o tó tún un ṣe. Eléyìí tí wọ́n kọ "no-lye" (pé kò ní kọ́sítíìkì sódà nínú) sí lára náà lè jó awọ orí.

Ìbéèrè: Orí ń yún mí lábẹ́ bíréèdì, mi ò sì ráyè fọ̀ ọ́. Mo kàn máa ń da òróró sí i.

Ìdáhùn: Òróró tí o dà sórí ìdọ̀tí, ṣe ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ. Ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ Sátidé tó fún un. Da ṣíbí ṣámpù kan sínú ìgò omi kékeré, mì í, kí o máa da á sí àárín ìlà. Orí ìka ni kí o fi rà á, má fi èékánná họ ọ́. Da omi sí i títí yóò fi mọ́ gaara, fi tí-ṣáàtì àtijọ́ fún un, kí o jókòó síwájú fáànù títí ìdí irun á fi gbẹ. Irun tó bá tutù sùn máa ń rùn.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí o dì í gan-an ni yíyún bẹ̀rẹ̀, àtáṣímẹ́ǹtì ni kí o fura sí. Nígbà mìíràn, rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí o da fínígà díẹ̀ sí, ohun funfun kan lè léfòó, ó lè jẹ́ òun ló ń yún ọ. Ṣàn án, sá a, kí o tó gbé e lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ojú kan tó rí roboto, tí awọ ibẹ̀ ń ṣí, tí irun rẹ̀ kán, ó lè jẹ́ làpálàpá. Ilé ìwòsàn ni kí o lọ, oògùn gbígbé mì ni ó sábà máa ń gbà, kì í ṣe ìpara nìkan. Má sì yá ẹnikẹ́ni ní òòyà rẹ.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú máa dé wíìgì?

Ìdáhùn: Dé e, ṣùgbọ́n má fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí. Ojú ibi tí gúlù ń lẹ̀ mọ́ náà ni irun ẹ̀bátí wà, bí o bá ń ṣí i, ò ń fà á tu pẹ̀lú rẹ̀. Ra sátíìnì yáàdì kan ní Balógun tàbí Tejúoṣó, kí télọ̀ fi rán fìlà fún ọ: ọ̀kan fún abẹ́ wíìgì, ọ̀kan fún orun alẹ́. Aṣọ òwú máa ń fa òróró irun mu, ó sì ń ha á. Bí o bá ti wọlé, ṣí wíìgì.

Ìbéèrè: Ọwọ́ mi kò tó òróró olówó ńlá. Ṣé òrí àti àdí tí ìyá mi ń lò wúlò?

Ìdáhùn: Ó wúlò gan-an. Wọn kì í mú irun hù, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí omi inú irun tètè lọ, irun kò sì ní máa gbẹ kó máa kán. Omi ló ṣáájú. Fọ́n omi sí irun, bu òrí tó hóró ẹ̀wà kan, fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, kí o wá fi pa á. Bí òórùn àdí bá ń dà ọ́ láàmú ní ọ́fíìsì, alẹ́ ni kí o fi í sí. Ọṣẹ dúdú ń fọ orí mọ́ dáadáa, àmọ́ ó ń bọ́ òróró irun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó, kí o ṣàn án dáadáa, kí kọ̀ǹdíṣánà sì tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Mo bímọ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Irun ń já káàkiri orí mi, kì í ṣe ẹ̀bátí nìkan.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ. Ìyẹn yàtọ̀. Irun ọ̀pọ̀ abiyamọ máa ń já bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn ìbímọ, ó sì máa ń padà fúnra rẹ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró kí ọmọ tó pé ọdún kan, tàbí tí ó ń rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tèmi ṣì lè hù?

Ìdáhùn: Ya fọ́tò ẹ̀bátí méjèèjì lónìí, níwájú fèrèsé, ní àárọ̀. Ya á níbẹ̀ náà ní oṣù tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Dígí ojoojúmọ́ kì í jẹ́ kí èèyàn rí ìyàtọ̀. Irun tuntun máa ń kọ́kọ́ hù wẹ́wẹ́, bí irun orí ọmọ tuntun. Bí o bá rí i, má tíì fi àtáṣímẹ́ǹtì kàn án. Bó bá pé oṣù mẹ́ta tí o ti dáwọ́ fífà dúró, tí kò sí ohun tó hù, lọ rí dókítà awọ ara. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà. Mú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, kí o sì tú irun rẹ kí o tó lọ, kí wọ́n lè rí awọ orí.